Yìnyín Himalaya àti Ọdún 2035: Bí "Wọ́n Ní" Ṣe Di "Ó Dájú"

Gbólóhùn méjì péré ló dá gbogbo wàhálà tó ṣẹlẹ̀ lórí yìnyín òkè Himalaya lọ́dún 2010 sílẹ̀, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ohun tó wà nínú wọn kí n tó sọ ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá. Ọdún 2007 ni ìwé náà jáde, ìwé IPCC ni, ìyẹn ìgbìmọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ lábẹ́ àjọ UN lọ́dún 1988 pé kó máa kó ohun tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì bá mọ̀ nípa ìyípadà ojú ọjọ́ jọ fún àwọn ìjọba. Apá kejì ìwé náà nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹgbẹ̀rún kan ojú ewé, orí kẹwàá ló sọ̀rọ̀ nípa Éṣíà, ojú ewé 493 ni ọ̀rọ̀ wa wà. Wọ́n ní àwọn gílásíà orí òkè Himalaya, ìyẹn yìnyín ńláńlá tó ti dì síbẹ̀ láti ayébáyé tó sì ń rọra wọ́ wálẹ̀, ń sá sẹ́yìn ju ti ibikíbi lọ láyé, pé tó bá ń lọ báyìí ìṣeéṣe pé wọ́n á ti pòórá tó bá fi máa di ọdún 2035, bóyá kó má tiẹ̀ tó ìgbà yẹn pàápàá, ga gan-an, bí ayé bá ń gbóná lọ bó ṣe ń gbóná yìí. Gbólóhùn kejì ní ó ṣeé ṣe kí fífẹ̀ wọn lápapọ̀ dín kù láti 500,000 sí 100,000 kìlómítà níbùú lóròó ní 2035 yẹn náà. Wọ́n wá kọ WWF, 2005 sínú àkámọ́ níparí ẹ̀, ìyẹn ìwé tí WWF, àjọ tó ń dáàbò bo ẹranko àti igbó, kọ lọ́dún 2005, ó tán.

Ẹ tún un kà dáadáa. Ṣé ẹ rí i pé "bó bá ń lọ báyìí" wà nínú ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì? Ẹni tó ń ro ohun tó ń kọ kì í fi irú "bí" kan náà de ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì nínú gbólóhùn kan, ó fi hàn pé ẹnu ẹni méjì ni wọ́n ti kó ọ̀rọ̀ yẹn, wọ́n kàn rán an pọ̀ ni, màá padà síbẹ̀ láìpẹ́. Èkejì: tí gbogbo ẹ̀ bá máa ti pòórá ní 2035, 100,000 kìlómítà wo ló tún máa ṣẹ́ kù ní 2035 kan náà? Ó tán ni àbí ó kù? Ẹ̀kẹta tó burú jù, gbogbo gílásíà tó wà lórí Himalaya pátá, tí wọ́n bá tẹ́ ẹ sílẹ̀, nǹkan bí 33,000 kìlómítà níbùú lóròó ni, níbo wá ni 500,000 ti wọlé?

Àwọn tó ń gun òkè yẹn lọ wọn yìnyín mọ̀ pé àwọn gílásíà tó tóbi níbẹ̀ nípọn tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún mítà, ohun tó sì ń yọ́ kúrò lórí wọn lọ́dún kan, tí a bá pín in kárí, kì í sábà pé mítà kan. Kí ohun tó nípọn tó bẹ́ẹ̀ tán láàárín ọdún tí ò tó ọgbọ̀n, mítà mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ló gbọ́dọ̀ máa lọ lọ́dọọdún, láìsinmi. Graham Cogley, onímọ̀ yìnyín ní yunifásítì Trent ní Kánádà, àtàwọn mẹ́ta míì ṣírò ẹ̀ nínú lẹ́tà kan tó jáde nínú jọ́nà Science ní oṣù January 2010: kó tó lè rí bẹ́ẹ̀, yìnyín yẹn gbọ́dọ̀ máa yọ́ ní ìlọ́po 25 bó ṣe yọ́ láàárín 1960 sí 1999. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yẹn ò nílò kọ̀ǹpútà kó tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn ò ṣeé gbà.

Àmọ́ o, àṣìṣe ìṣirò kọ́ ló mú mi kọ èyí, ìṣirò a máa ṣi èèyàn lọ́wọ́. "Ga gan-an" yẹn ni.

Torí pé nínú ìwé IPCC, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Wọ́n ti jókòó, wọ́n ti fi nọ́ńbà dè é, kí mínísítà tó ń kà á l'Ábújá àti èyí tó ń kà á ní Tokyo lè gbọ́ ohun kan náà. Nínú ìwé ọdún 2007 yẹn, tí wọ́n bá ní nǹkan "ṣeé ṣe" lásán, ó ju 66 nínú 100 lọ, "ó ṣeé ṣe gan-an" ju 90 lọ, "ó kù díẹ̀ kó dájú tán" ju 99 lọ, èyí tó bá sì jẹ́ bóyá bẹ́ẹ̀ ni bóyá bẹ́ẹ̀ kọ́, àárín 33 sí 66 ló wà. Ìwọ̀n kejì tún wà fún bí ọkàn àwọn òǹkọ̀wé ṣe balẹ̀ tó, tí ọkàn wọn bá balẹ̀ gan-an, ó túmọ̀ sí pé ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án nínú mẹ́wàá ló máa rí bẹ́ẹ̀. Apá kìíní ìwé yẹn kan náà ló sọ ní Paris ní oṣù February 2007 pé ó ṣeé ṣe gan-an pé ọwọ́ ọmọ aráyé ló fa èyí tó pọ̀ jù nínú gbígbóná ayé láti àárín ọ̀rúndún ogún, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún àti ọ̀pọ̀ èèyàn ló wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn, wọ́n sì jiyàn lé e lórí kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Aṣọ tí wọ́n wọ̀ fún ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n wọ̀ fún ti yìnyín tí ẹnikẹ́ni ò wọ̀n. Ẹni tó ń ka ìwé ò sì lè mọ̀yàtọ̀, ibo ló ti fẹ́ mọ̀ ọ́n?

(Kódà, àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi nọ́ńbà dè yẹn, etí aráàlú ò gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. David Budescu àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ fi àwọn gbólóhùn inú ìwé náà han àwọn èèyàn, wọ́n tẹ èsì ẹ̀ jáde lọ́dún 2009, nọ́ńbà tí àwọn òǹkàwé fún "ó ṣeé ṣe gan-an" sì rẹlẹ̀ dáadáa sí 90 tí àwọn tó kọ ọ́ ní lọ́kàn. Ọ̀rọ̀ míì nìyẹn.)

Ó yá, ẹ jẹ́ ká tọ ipasẹ̀ ẹ̀ padà sẹ́yìn.

Lọ́dún 1996, V. M. Kotlyakov, ọmọ Rọ́ṣíà tó jẹ́ àgbà nínú ìmọ̀ yìnyín, ṣe ìwé kan fún UNESCO. Ibẹ̀ ló ti sọ pé gbogbo yìnyín tó wà láyé lẹ́yìn ti ìpẹ̀kun àríwá àti gúúsù máa dín kù láti 500,000 sí 100,000 kìlómítà níbùú lóròó tó bá fi máa di ọdún 2350. Ẹ gbọ́ o, gbogbo ayé, kì í ṣe Himalaya, 2350 sì ni, kì í ṣe 2035. Nígbà tó di oṣù April 1999, ìwé ìròyìn kan ní Íńdíà tó ń jẹ́ Down to Earth gbé ìròyìn kan jáde lórí gílásíà, ẹni tó bá sì fi sí ẹ̀gbẹ́ ojú ewé 493 á rí i pé ọ̀rọ̀ kan náà ni, títí kan "ga gan-an" yẹn. Ọ̀rọ̀ Kotlyakov wà níbẹ̀, àmọ́ 2350 ti yí padà di 2035, àwọn nọ́ńbà kan kàn pààrọ̀ ààyè lásán, ọdún 315 sì pòórá. Ọ̀rọ̀ Syed Hasnain náà wà níbẹ̀, onímọ̀ yìnyín tó ń kọ́ni ní Delhi nígbà yẹn, pé tí ayé bá ń gbóná lọ bẹ́ẹ̀, ó lè yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni "bí" kejì yẹn ti wá. Akọ̀ròyìn yẹn ní inú ìwádìí ìgbìmọ̀ àgbáyé lórí yìnyín, èyí tí Hasnain ṣe olórí ẹ̀, ni òun ti rí 2035, nígbà tí Cogley sì wá ìwé ìwádìí yẹn kàn, kò sí 2035 kankan nínú ẹ̀.

Ní June ọdún 1999 kan náà, New Scientist ní London fọ̀rọ̀ wá Hasnain lẹ́nu wò, wọ́n gbé irú ìròyìn yẹn jáde. Lọ́dún 2005, WWF kọ ìwé tiwọn lórí yìnyín Himalaya, wọ́n ní New Scientist ló sọ ọ́. Lọ́dún 2007, IPCC ní WWF ló sọ ọ́. Ó tán.

Tí ìyá kan bá jókòó nílé wa tó ní "wọ́n ní yìnyín máa tán", gbogbo wa la mọ ìwọ̀n tó yẹ ká gbé ọ̀rọ̀ yẹn lé, torí "wọ́n ní" ti sọ fún wa pé kò sí níbẹ̀, ẹnu ẹlòmíì ló ti gbọ́. Àwọn ọ̀mọ̀wé náà ní "wọ́n ní" tiwọn, àkámọ́ yẹn ni, WWF, 2005. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé "wọ́n ní" tiwa ń dín ọ̀rọ̀ kù, àkámọ́ tiwọn sì ń sọ ọ́ di ńlá, òǹkàwé rí orúkọ àti ọdún, ó ti rò pé ẹnìkan ti lọ síbẹ̀ lọ wò ó. Àgbọ́wí lórí àgbọ́wí lórí àgbọ́wí ni, gbogbo ibi tó sì dé ló ń sanra sí i.

Kí ẹ lè mọ̀ pé kò sẹ́ni tó fara balẹ̀ wo ibẹ̀, tábìlì kan wà nínú orí kẹwàá IPCC yẹn kan náà tó to bí gílásíà kọ̀ọ̀kan ṣe ń sá sẹ́yìn. Pindari ní Íńdíà, wọ́n ní láti 1845 sí 1966 ó sá sẹ́yìn ní 2,840 mítà, wọ́n wá ní ìyẹn jẹ́ mítà 135.2 lọ́dún. Ẹ ṣe é lórí fóònù yín. Láti 1845 sí 1966 jẹ́ ọdún 121, 2,840 tí a bá pín in sí 121 jẹ́ nǹkan bíi 23 àbọ̀. Ohun tó máa fún èèyàn ní 135.2 ni kó pín in sí 21. Ẹni kan gbàgbé ọgọ́rùn-ún ọdún. Gílásíà yẹn wá di èyí tó ń sáré jù nínú tábìlì, tábìlì yẹn sì ni gbólóhùn àkọ́kọ́ ní ká lọ wò fún ẹ̀rí pé Himalaya ló yára jù láyé.

Ṣé kò sẹ́ni tó kíyè sí i ni? Wọ́n kíyè sí i. IPCC máa ń fi ìwé yẹn ránṣẹ́ sí àwọn olùyẹ̀wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, àwọn ìbéèrè wọn àti èsì tí àwọn òǹkọ̀wé fún wọn sì wà lákọsílẹ̀. Ìjọba Jàpáánì béèrè pé ọ̀rọ̀ ńlá mà lèyí o, báwo ló ṣe dá yín lójú tó? Ìbéèrè tó tọ́ gan-an nìyẹn. Olùyẹ̀wò míì rí i pé pípòórá pátápátá àti 100,000 tó kù ń ta kora. Òmíràn láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ní apá òkè odò Indus, odò tó ń ti àwọn òkè yẹn ṣàn wá, àwọn ẹ̀rí kan fi hàn pé gílásíà kan tiẹ̀ ń dàgbà. Gbólóhùn yẹn ò yí padà. Àwọn ìbéèrè yẹn wọlé, wọ́n gbà wọ́n, wọ́n fi wọ́n sílẹ̀, mo rò pé ó ti rẹ̀ wọ́n, orí kan tó fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ gbogbo Éṣíà láti Síbéríà dé Indonesia, ta ló fẹ́ máa yẹ yìnyín wò ní ìlà mẹ́ta? Àwọn tó mọ̀ nípa yìnyín jù ló kọ orí kẹrin nínú apá kìíní, wọn ò sì rí orí kẹwàá apá kejì títí ó fi kù díẹ̀ kó jáde. Georg Kaser ti Innsbruck ní Austria, ọ̀kan lára wọn, sọ pé òun kìlọ̀ lọ́dún 2006, wọn ò gbọ́.

Ọdún méjì kọjá, ó dákẹ́. Àfi oṣù November 2009, ìgbà tí Jairam Ramesh, mínísítà tó ń bójú tó àyíká ní Íńdíà, gbé ìwé V. K. Raina jáde. Raina ti ṣiṣẹ́ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìwádìí ilẹ̀ ní Íńdíà, ó sì ní kò sí ẹ̀rí pé gílásíà Íńdíà ń yọ́ lọ́nà tó ṣàjèjì. Ẹ̀yin tó ń kàwé, ẹ ṣọ́ra níbí, "kò sí ẹ̀rí tó tó" àti "kò sí nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀" kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà, Raina fúnra ẹ̀ rìn ní bèbè àárín méjèèjì. Rajendra Pachauri tó jẹ́ alága IPCC dáhùn pẹ̀lú ìbínú, ó ní sáyẹ́ǹsì voodoo ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ò dùn mọ́ mi nínú, vodun ẹ̀sìn àwọn aládùúgbò wa ní Benin ni, wọn ò sì bá ẹnikẹ́ni dá sí ọ̀rọ̀ yìnyín. Ohun tó wá burú jù ni pé ẹni tó ń pe ẹlòmíì bẹ́ẹ̀, ìwé tiẹ̀ ló gbé àgbọ́sọ sórí bíi nǹkan àfojúrí.

Ìpàdé ńlá tí àwọn ìjọba ṣe ní Copenhagen lórí ìyípadà ojú ọjọ́ kọjá ní December. Ní January 2010, ìwé ìròyìn kan ní London gbé e jáde pé 2035 ò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù yẹn, IPCC kọ lẹ́tà kúkúrú kan. Wọ́n ní ìwọ̀n yíyọ́ àti ọjọ́ pípòórá tí wọ́n kọ yẹn kò ní ẹ̀rí tó dúró ṣinṣin, wọ́n ní wọn ò tẹ̀ lé ìlànà tó yẹ kí wọ́n tẹ̀ lé. Ó tọ́, ó mọ́ níwà. Àmọ́ wọn ò sọ ohun tí àwọn èèyàn fẹ́ gbọ́: ṣé a mọ ìgbà tó máa tán, àbí a ò mọ̀?

Ibi tí mo rò pé gbogbo ìjà yẹn ti ṣìnà nìyí. Àìmọ̀ kì í ṣe ẹyọ kan. Lọ́dún 2007, pé yìnyín Himalaya lápapọ̀ ń dín kù, wọ́n mọ ìyẹn, fọ́tò àtijọ́ àti àmì tí gílásíà fi sílẹ̀ lórí àpáta ti fi hàn. Bó ṣe ń yára tó, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀, torí àwọn gílásíà tí wọ́n ti gùn lọ wọn ò pọ̀, ibẹ̀ ga, ó jìnnà, ààlà tí ọmọ ogun ń ṣọ́ sì wà níbẹ̀. Ọjọ́ tó máa tán, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n rárá. Mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn tó kọ ojú ewé 493 kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, wọ́n fi ìdánilójú àkọ́kọ́ bo ìkẹta. Nígbà tí àṣírí tú, àwọn tó ń ta ko ọ̀rọ̀ ìyípadà ojú ọjọ́ náà kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, wọ́n fi àìmọ̀ ìkẹta pa àkọ́kọ́ rẹ́, wọ́n ní ṣé ẹ rí i, irọ́ ni gbogbo ẹ̀. Mi ò rí ìyàtọ̀ nínú iṣẹ́ ọwọ́ àwọn méjèèjì.

Ó tún ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2012, lọ́nà míì. Thomas Jacob, John Wahr àtàwọn míì lo sátẹ́láìtì GRACE, tó máa ń wọn agbára òòfà ilẹ̀ láti òkè, láti fi mọ bí yìnyín ṣe ń pọ̀ tàbí dín kù, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde nínú Nature. Fún àwọn òkè gíga Éṣíà lápapọ̀, láàárín 2003 sí 2010, ohun tí wọ́n rí ni pé bílíọ̀nù tọ́ọ̀nù mẹ́rin ló ń lọ lọ́dún, kí a fi 20 kún un tàbí ká yọ 20 kúrò. Ẹ wo nọ́ńbà yẹn dáadáa, àlékún-àyọkúrò tóbi ju ohun tí wọ́n rí fúnra ẹ̀ lọ ní ìlọ́po márùn-ún! Ó lè jẹ́ pé 24 ló ń sọnù, ó lè jẹ́ pé 16 ló ń wọlé. Bí onísáyẹ́ǹsì ṣe ń sọ pé "a ò tíì lè rí i kedere láti ibí yìí" nìyẹn, òótọ́ ni wọ́n sọ. Ìwé ìròyìn wá gbé àkọlé jáde pé Himalaya ò sọ yìnyín kankan nù fún ọdún mẹ́wàá. 20 yẹn ti já bọ́ lọ́nà. Nígbà tó di 2017, Fanny Brun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ fi àwòrán sátẹ́láìtì ṣe é fún 2000 sí 2016, wọ́n rí i pé bílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 16.3 ló ń sọnù lọ́dún, àlékún-àyọkúrò 3.5. Ó bọ́ sínú ààlà tí àwọn ti 2012 fi sílẹ̀ láìsí wàhálà.

Ohun tí ìtìjú 2035 mú jáde dára o, mi ò ní fi bò. UN àti IPCC fúnra wọn ní kí ìgbìmọ̀ àwọn ẹgbẹ́ àgbà onímọ̀ sáyẹ́ǹsì àgbáyé yẹ àwọn wò, Harold Shapiro tó ti jẹ́ ààrẹ yunifásítì Princeton rí ló darí ẹ̀, wọ́n gbé ìwé wọn jáde ní August 2010. Wọ́n sọ ọ́ ní gbangba pé apá kejì yẹn fi ìdánilójú gíga lé orí àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rí wọn tín-ín-rín. Ní ọdún yẹn kan náà, IPCC kọ ìlànà tuntun fún àwọn òǹkọ̀wé wọn, èmi ò mọ ìwé sáyẹ́ǹsì tó kúrú bẹ́ẹ̀ tó wúlò tó o. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè: ẹ̀rí yìí pọ̀ tó báwo? Ṣé àwọn ẹlẹ́rìí fohùn ṣọ̀kan? Lẹ́yìn náà wá ni àtẹ̀gùn mẹ́fà. Ní ìsàlẹ̀ pátá, a ò mọ̀ bóyá ó ń lọ sókè àbí sísàlẹ̀, sọ bẹ́ẹ̀, má ṣe nọ́ńbà kankan. Lókè ẹ̀, a mọ ibi tó ń lọ, a ò mọ bó ṣe pọ̀ tó. Lókè ẹ̀, a lè sọ bóyá mẹ́wàá-mẹ́wàá ni àbí ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Lẹ́yìn náà, láti ibí sí ibí. Àkàsọ̀ karùn-ún ni ibi tí "ó ṣeé ṣe gan-an" wà. Tí a bá gbé Himalaya 2007 lé àtẹ̀gùn yẹn, orí àkàsọ̀ kejì ló yẹ kó jókòó. Wọ́n gbé e fò lọ sí ìkarùn-ún láìfẹsẹ̀ kan ilẹ̀.

Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ yẹn báyìí ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀. Lọ́dún 2019, ICIMOD, àjọ tó ń ṣèwádìí lórí àwọn òkè yẹn tó wà ní Kathmandu ní Nepal, sọ pé ká tiẹ̀ ní ayé ò gbóná ju ìwọ̀n Celsius 1.5 lọ sí bó ṣe rí kí iléeṣẹ́ ńlá tó pọ̀ láyé, ìdá kan nínú mẹ́ta yìnyín àgbègbè yẹn á lọ tó bá fi máa di 2100, tí èéfín bá sì ń rú lọ bó ṣe ń rú, ìdá méjì nínú mẹ́ta. Lọ́dún 2023 wọ́n ní láàárín 2011 sí 2020, yìnyín yẹn yára lọ ju ti ẹ̀wádún tó ṣáájú ẹ̀ lọ ní 65%, ó sì lè tó ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún tó máa lọ ní 2100 tí a ò bá dín èéfín kù. Kò sí ọjọ́ tí gbogbo ẹ̀ máa tán nínú ẹ̀, "bí" tó wà níbẹ̀ sì jẹ́ ẹyọ kan tó ní iṣẹ́ tó ń ṣe, èéfín wa ló so mọ́. Àgbẹ̀ tó ń fi omi Indus rin oko ò tiẹ̀ nílò ọjọ́ tí yìnyín ìkẹyìn máa yọ́, ìgbà tí omi máa kọ́kọ́ pọ̀ tó sì máa bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù ló kàn án, fún ìyẹn, ohun tí wọ́n sọ ni pé ó máa jẹ́ nǹkan bí àárín ọ̀rúndún yìí.